Kátúùnù àwọn òmìrán aláwọ̀ aró yìí, kí ni kí n sọ nípa ẹ̀ ní Sátidé?

Bọ̀dá_Tanke

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí kí n tó fi ara mi ṣẹ̀sín. Àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń kóra jọ ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Tanke níbí, a máa ń wo fíìmù àtijọ́, ẹni tó bá kàn ló máa mú fíìmù wá, òun náà ló máa kọ́kọ́ dìde sọ ibi tó dáa níbẹ̀ àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, lẹ́yìn náà la ó wá máa bá ara wa fà á. Oṣù yìí èmi ló kàn. Èmi náà wá fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀wé, mo ní La Planète sauvage ni mo máa mú wá, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní Fantastic Planet, kátúùnù àgbàlagbà tí René Laloux ṣe ní 1973, torí gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń kan sáárá sí i, wọ́n ní ó gba ẹ̀bùn pàtàkì ní Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá ilẹ̀ Faransé, lọ́dún náà.

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, wallahi kò wọ̀ mí lára. Fún ẹni tí ò bá tíì wò ó: àwọn òmìrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Draag, ara wọn dà bí aró, ojú wọn pọ́n wàì, etí wọn rí bíi lẹbẹ ẹja, àwọn ló ni ayé ibẹ̀. Èèyàn bíi tèmi tìẹ, tí wọ́n ń pè ní Om, kò tóbi ju ohun tí wọ́n lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ń sin àwọn kan bí ẹni ń sin ológbò, àwọn tó kù ń gbé inú igbó bí eku. Ọmọ Om kan tó ń jẹ́ Terr gbé ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin tó ni ín fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sá wọ igbó, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà dáa. Àmọ́ wọ́n ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ojú wọn kì í yí padà, inú mi ò bà jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Bí mo bá sọ ọ́ báyìí wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan. Bí mo bá sì ń pọ́n ọn, irọ́ ni mò ń pa. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é? Ó tún wá lọ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa ti ní òun máa kó àwọn ọmọ òun wá torí "kátúùnù" ló gbọ́. Ìhòòhò wà níbẹ̀ o.

Alhaji_Pákátà

Kó àwọn ọmọ wá kẹ̀! Haba. Àbúrò, tètè pè é lórí fóònù lónìí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iléyá ọdún kan, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́rin jókòó tì mí, mo tan láptọ́ọ̀pù, mo ní ẹ jẹ́ ká wo kátúùnù. Ká má tíì rí ibi tó lọ, ìyá kan ń sá bọ̀, ọmọ wà láyà ẹ̀, ọwọ́ aláró kan ṣàdédé yọ, ó fi ìka ta á ṣubú, ó dìde, ó tún ta á, ó gbé e sókè, ó jù ú sílẹ̀, ìyá kú. Wọ́n wá fi àwọn tó ni ọwọ́ hàn wá, ọmọdé ni wọ́n, eré ni wọ́n ń ṣe! Èyí tó kéré jù nínú tiwa bú sẹ́kún, "ṣé ìyá ẹ̀ ti kú ni?" Mo pa láptọ́ọ̀pù dé. Àlàyé tí mo ṣe fún ìyá wọn lọ́jọ́ yẹn gùn ju khútbà lọ.

Ayàwòrán_Òmù

Ẹ jẹ́ n dá sí ti orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo ń ya àwòrán ní Òmù-Àrán níbí. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Roland Topor ló ya àwọn àwòrán tí wọ́n gbé fíìmù náà lé, ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó, ìlà wínníwínní ló fi bo ara wọn, ní òró ní ìbú, bí ẹni fi bírò ha á. Kátúùnù tá a mọ̀, ìlà kan péré ló máa ń yí èèyàn ká, wọ́n á wá kun inú ẹ̀, ìyẹn ṣe é tún yà nígbà ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ èyí tí ìlà wínníwínní bo gbogbo ara ẹ̀, bó o bá tún un yà, ìlà kejì ò ní bọ́ síbi tí ti àkọ́kọ́ wà, bó o bá wá mú un rìn, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya apá lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀, itan lọ́tọ̀, wọ́n gé wọn, wọ́n tẹ́ wọn sábẹ́ kámẹ́rà, wọ́n sún wọn díẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tún sún wọn. Ìṣẹ́jú 72 ni fíìmù náà, fọ́tò 24 ní sẹ́kọ́ńdù kan, ẹ fi lu ara wọn, ó lé ní 100,000. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì léra bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe láti dín iṣẹ́ kù, ó ṣì lé ní 50,000 ìgbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sún páálí.

Mo dán an wò lọ́dún tó kọjá. Mo gé bàbá àgbà kan lára páálí mílíìkì, mo gbé fóònù lé àárín ìgò omi méjì, mo fẹ́ kó kàn gbé ife sẹ́nu ni. Wákàtí mẹ́rin, mi ò tíì ní sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án. Ni iná bá dé lójijì, fáànù tí mo gbàgbé láti pa bẹ̀rẹ̀ sí í yí, apá bàbá wà lábẹ́ àga, orí ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà bó o bá fẹ́ sọ pé wọ́n ń rìn gan-n-gan, sọ ọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ má dákẹ́ síbẹ̀. Wo ibi tó ti bá a mu àti ibi tí kò ti bá a mu. Lára àwọn Draag, ó bá a mu gan-an, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe ohun gbogbo, wọn ò bínú, wọn ò yára, wọ́n á pa èèyàn bí ẹni ń gbá ilẹ̀, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Lára àwọn Om ni kò ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ikú ń lé kì í sá báyẹn.

Màmá_Tíṣà_Ọ̀fà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló gbé fíìmù náà sórí tẹlifíṣọ̀n fún mi lánàá torí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ níbí. Ẹ̀ ń sọ ti orúnkún, ẹ̀ ń sọ ti páálí, ẹ ò sọ ti ẹ̀kọ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní prámárì kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú tí mo fi wò ó nìyẹn.

Ọmọbìnrin Draag yẹn, Tiwa, á gbé ẹ̀rọ lé orí, ẹ̀kọ́ á máa wọlé sí i lára, Terr á wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ Terr. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí i lọ́rùn, tí wọ́n fi ń fà á bọ̀ bó bá sá, òun ló ní àbùkù tí ẹ̀kọ́ fi ń gba ibẹ̀ wọ inú òun náà. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi kọjá sísọ. Mo rántí obìnrin kan tó máa ń ta wàrà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì mi, ọmọ ẹ̀ máa ń bá a gbé igbá, wọn ò fi sí ilé ìwé kankan. Lọ́jọ́ kan mo bi kíláàsì ní méje lọ́nà mẹ́jọ, gbogbo wọn ń wo òkè àjà, láti ìta ni mo ti gbọ́ "mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!" Mo yọjú, ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ igbá, ó rò pé mo fẹ́ nà án.

Bọ̀dá Tanke, o ní inú ẹ ò bà jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o rí ibi tí Terr ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé inú igi ńlá, tí adáhunṣe wọn ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ yẹn, tí wọ́n ní kí Terr jà títí ẹnì kan á fi kú, wọ́n so ẹranko eléyín mọ́ àwọn méjèèjì láyà? Torí ìwé o! Nígbà tó sì di ọ̀rọ̀, ara ògiri ni Terr ti ka ohun tí àwọn Draag kọ síbẹ̀ pé àwọn ń bọ̀ wá fín gbogbo wọn bí ẹni ń fín òtàpíàpíà. Àwọn tó kù ń kọjá lára ògiri yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe bíi pé Draag nìkan ló burú. Ta ni nínú yín tí ò fi òwú so tata lẹ́sẹ̀ rí?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú àgbà, màmá. Àmọ́ ẹ jẹ́ á sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni fíìmù yìí. Wọn ò ṣe é ní Paris o, Prague ni, olú ìlú Czechoslovakia ayé ìgbà yẹn, ní stúdíò Jiří Trnka. Oṣù kẹjọ 1968 ni ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà wọ Prague. Draag ni Rọ́ṣíà, Om ni àwọn ará ibẹ̀. Ó tán. Bọ̀dá, sọ bẹ́ẹ̀, jókòó, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹ.

Ẹ̀gbọ́n_GRA

Kò tán o, àbúrò. Ìwé ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn, Oms en série, 1957 ló jáde. Stefan Wul ló kọ ọ́, oníṣègùn eyín ni, Pierre Pairault ni orúkọ ẹ̀ gan-an. Láti 1957 sí 1968, ọdún 11. Àwọn òmìrán ti ń sin èèyàn bí ológbò nínú ìwé kí ọkọ̀ ogun kankan tó gbéra. Bó o bá tún fẹ́ òmíràn, ọmọ Júù ni Topor, ọmọdé ni nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, ṣe ni wọ́n fi í pa mọ́ sí Savoie, agbègbè kan ní Faransé níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, tó wá rí ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa àwọn Om, ibòmíràn lọ́kàn ẹ̀ máa lọ. Laloux fúnra ẹ̀, ibi tó ti kọ́kọ́ ń ṣe kátúùnù ni ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé, òun àti àwọn aláìsàn ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ó yá, èwo lo fẹ́ mú níbẹ̀?

Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyí. Ká ní èyí dúró fún tọ̀hún, tọ̀hún dúró fún èyí, ẹnì kan á dáhùn, a ó ní ó gbà á. Àlọ́ àpamọ̀ nìyẹn. Àlọ́ àpagbè ni fíìmù yìí, kò ní ìdáhùn kan, ohun tẹ́ ẹ máa bi ara yín ni bóyá ègbè ẹ̀ dùn.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mi ò mọ̀ nípa ìwé yẹn, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń sún páálí ńkọ́? Topor ya àwòrán sílẹ̀ ni, àwọn ará Prague ló mú un rìn. Ẹni tó jí láàárọ̀ tó ti bá ṣọ́jà àjèjì pàdé lójú títì kó tó dé ibi iṣẹ́, tó wá jókòó sún ọwọ́ òmìrán tó ń fọ́ èèyàn mọ́lẹ̀, ṣé ẹ rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe?

Ẹ̀gbọ́n_GRA

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Sọ ọ́ báyẹn dípò "ó tán".

Sàdíá_Òkèlele

Látàárọ̀ lẹ ti ń fa Rọ́ṣíà. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin dà nínú fíìmù yìí? Ìyá tó kú kí ojú wa tó ṣe méjì. Tiwa tó dàgbà tí ọ̀rọ̀ Terr ò sì wù ú mọ́. Ọmọbìnrin inú igbó tó rí Terr, tó gé ẹ̀gbà kúrò lọ́rùn ẹ̀, mo ní áà, ẹni gidi rèé, láti ibẹ̀ kò sọ ohun tó ní láárí mọ́, ọmú ẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn wá kiri. Kì í ṣe ìhòòhò ló ń bí mi o, ìhòòhò ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Wọ́n kàn kó wọn síbẹ̀ bí àga ni.

Terr alára kò yàtọ̀ púpọ̀. Ohùn ẹ̀ ló ń sọ ìtàn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè sọ ohun kan fún yín tó ń bà á lẹ́rù tàbí tó fẹ́ràn. Bọ̀dá Tanke, ẹ ò ṣàṣìṣe pé inú yín ò bà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dójú tì yín.

Òpin ẹ̀ pàápàá. Wọ́n ti ń pa ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn Om ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, wọ́n fò lọ, wọ́n yìnbọn oníná lu ère, ẹ̀rù ba Draag, wọ́n bá ṣe àdéhùn, wọ́n ní káwọn ṣe òṣùpá tuntun fún àwọn Om. Bí ẹni tí awakọ̀ ní kó tètè sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tún mọ̀ o, ayé tí orúkọ fíìmù yẹn ń pè kì í ṣe ibi tí àwọn Draag ń gbé. Ygam ni ibẹ̀ ń jẹ́. Èyí tó ń yí Ygam ká, tí ère wà lórí ẹ̀, òun ni. Faransé tí mo kọ́ tún ṣe mí láǹfààní níbí, "Om" bá ohùn èyí tí wọ́n ń pe èèyàn mu, "Terr" bá ohùn èyí tí wọ́n ń pe ilẹ̀ mu. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbọ́ ìyẹn rárá.

Màmá_Tíṣà_Ọ̀fà

Sàdíá ọmọ mi, o gbàgbé ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́ṣà inú igbó yẹn. Èmi ò lè gbàgbé ẹ̀, ó fẹ́ jọ mí.

Sàdíá_Òkèlele

Áà, òótọ́ ni màmá, ẹ má bínú. Òun nìkan ló ní làákàyè láàárín wọn! Bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

DJ_SábóÒkè

Kò sẹ́ni tó sọ ti orin?? Alain Goraguer ló ṣe é. Gìtá tó ń sunkún wàùwàùwàù, fèrè, ìlù tó ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn J Dilla àti Madlib tó ń ṣe hip-hop ní Amẹ́ríkà ti gé lára ẹ̀ lò, kó o tó rí fíìmù yẹn rí, etí ẹ lè ti mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá mi, ohun tó fi ń fà lójú yín ni pé fóònù lẹ fi wò ó, mo fẹ́ fi ogún náírà ta. Ìlù yẹn ló ń rìn nígbà tí páálí ò bá rìn. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ gbé sípíkà, Faransé ni kẹ́ ẹ gbé sí i o, kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa kọjá nísàlẹ̀.

Àmọ́ kí n má purọ́, orin náà ò yàtọ̀ síra púpọ̀. Nígbà tó fi máa di ìdajì, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń najú.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Mo ti ń kà yín láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n sọ ibi kan ṣoṣo tí fíìmù yẹn ti mú mi.

Èsìẹ́ ò jìnnà sí wa. Mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945, torí àwọn ère òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, àwọn míì di àdá mú. Ìtàn tá a gbọ́ ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n wá kí ọba, wọ́n di òkúta. Mo wà ní prámárì márùn-ún nígbà tí wọ́n kó wa lọ. Ohun tí ò kúrò lójú mi ni pé púpọ̀ nínú wọn ò ní orí, orí ti kán, ọrùn ló kù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń lọ láti ìdí èyí sí ìdí tọ̀hún, a ń wá orí tó bá ọrùn mu, títí tíṣà fi fà wá létí jáde.

Fíìmù yìí, títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a ń rí àwọn Draag tí wọ́n jókòó, tí ojú wọn fọ́n, tí ẹ̀mí wọn wà nínú ohun róbótó kan tó ń fò lọ sókè. Mo ní wọ́n ń sùn ni. Ìgbà tí àwọn Om gúnlẹ̀ sórí ayé kejì yẹn la tó rí i: ère gàgàrà, takọ tabo, kò sí orí lọ́rùn ìkankan. Ohun róbótó yẹn wá sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bà lé ọrùn ère bí orí. Ère bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe, àwọn Draag àti àwọn àjèjì láti ọ̀run míì. Ara mi ṣe wọ̀ọ̀. Mo dá fíìmù dúró, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ pé Faransé kankan mọ Èsìẹ́ o, kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ pé orí tí mò ń wá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo rí níbẹ̀.

Orúnkún wọn lè máa dùn wọ́n títí ayé, kò kàn mí.

Bọ̀dá_Tanke

Ẹ ṣeun gan-an. Òótọ́ ni, DJ, fóònù ni mo fi wò ó o, lórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo ṣe ń sùn ni mò ń jí. Mò ń bọ̀ wá gbé sípíkà. Ìbéèrè kan ló kù, ṣé kí n fo ibi ìhòòhò?

Alhaji_Pákátà

Má fo nǹkan kan. Bó o bá ń fò ó, ojú gbogbo wọn á kúrò lára fíìmù lọ sára rìmóòtù. Sọ fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò bá fẹ́ á jáde lọ ra kókó.

Bọ̀dá_Tanke

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti wò ó lánàá. Mo sọ òótọ́ tí mo ní: ara àwọn Draag ni rírìn gan-n-gan yẹn ti bá mi lára mu, lára àwọn Om kò ṣe é, Terr ò ní inú, òpin ẹ̀ sáré jù. Mo sọ ti Èsìẹ́, mo ní ọmọ Ìgbómìnà kan ló sọ ọ́ o, mi ò jí i. Ibi ère yẹn ni wọ́n ti ní kí n tún gbé padà, a wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a fẹ́ gbé e lẹ́ẹ̀kẹta ni epo tán nínú jẹ́nẹ́rétọ̀.

Ẹni tó fẹ́ kó ọmọ wá kò kó wọn wá mọ́, ìyàwó ẹ̀ ló mú wá, òun ló sì sọ̀rọ̀ jù. Ó ní gbogbo bí a ṣe ń pariwo lórí ogun àti ìwé yẹn, ibi tí Tiwa ti ń wọ Terr láṣọ bí ọmọláńgidi ni òun ṣì wà, tó bọ́ èyí tó wọ̀ èyí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín yẹn dùn, ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ò mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Oṣù tó ń bọ̀ òun ló máa mú fíìmù wá.